Purosẹ́sọ̀ Tí Bọ̀dá Mo-Ti-Wí Rà

Kò sẹ́ni tó pe Bọ̀dá Mo-ti-wí sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyẹn síbẹ̀, torí nígbà tí gbogbo rẹ̀ dàrú tán, ohun tó ń sọ kiri ni pé wọ́n bẹ òun ni.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Mo-ti-wí, nínú ikùn ara rẹ̀, láti ọdún tó ti wọlé ọkọ. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yẹn tí ọkùnrin náà kò ní ti wí tẹ́lẹ̀. Táyà bẹ́, ó ti wí. Àjà ilé jò, ó ti wí. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó ti wí o, ẹ ò gbọ́ ni. Àmọ́ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó nítumọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ta táìlì rí, ó ti ta ẹ̀rọ amúlétutù rí, kò sì pẹ́ níbi kankan nínú méjèèjì. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, ó fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà fún gbogbo ẹbí, ìdí tó sì fi jẹ oyè náà kò ju pé òun ló kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà láàárín wọn.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ yìí, ayàwòrán ilé ni. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé, àwọn ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ká róbótó dúró nínú garawa kan, kọ̀ǹpútà sì wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Obìnrin náà ti fi mẹ́mọ́rì kún un, ó ti pààrọ̀ ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Ohun tó kù tó ń fà á sẹ́yìn ni purosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń bá a ro gbogbo nǹkan. Bí obìnrin náà bá fẹ́ yí àwòrán ilé kan po kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, á ráyè lọ bu omi mu, á fọ ife, á padà dé, á sì bá ilé náà níbi tó ti ń rọra yí bí arúgbó tí orúnkún ń dùn.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn kì í ṣe kékeré. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ kọ́, agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ kọ́ ọ sì jẹ́ ọkùnrin tó máa ń yí ọkàn padà bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà. Lónìí á ní kí wọ́n gbé àtẹ̀gùn sápá òsì, lọ́la á ní ó dáa lápá ọ̀tún. Gbogbo ìyípadà yẹn, kọ̀ǹpútà àgbà yìí ló ń rù ú.

Obìnrin náà kì í ṣe oníwàdùwàdù. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó fi tọ́ọ̀ṣì ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lójú mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà jókòó lé. Ó lọ wo ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe pátákó náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí àwọn purosẹ́sọ̀ tí pátákó náà lè gbà àti àwọn tí kò lè gbà láéláé. Èyí tó lè gbà kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ti kúrò lọ́jà, àfi àlòkù. Ó wá ku méjì tó wù ú. Ọ̀kan ní ọwọ́ púpọ̀, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀ tí purosẹ́sọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń fà. Èkejì kò ní ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀hún yá bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Ètò tó fi ń yàwòrán kì í pín iṣẹ́ rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò jù. Ó mú èkejì. Ó pe ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní ó wà nílẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi sílẹ̀ dè é. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àmọ́ ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa òkè àti odò. Kò burú, kò jalè, kì í pariwo. Ohun kan ló ń ṣe é: bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ wúkọ́, òun ló máa bo ẹnu. Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́, ó ti fi fóònù sọ fún Bọ̀dá.

Ní Sátidé, Bọ̀dá Mo-ti-wí dé. Màmá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò yìí, wà ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bọ̀dá kí i gààràgà, ó kọjá tààrà sí yàrá iṣẹ́ ìyàwó, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ àga náà wálẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ ra àlòkù."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Òun ló bá mọ́dábọ́ọ̀dù mi mu."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, sà."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Tíṣà rẹ́rìn-ín.

"Ilé iṣẹ́! Wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan ni. Gbọ́, mo ti wo fídíò kan. Purosẹ́sọ̀ tuntun kan ti jáde, ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló ní. Mẹ́rìndínlógún! Ti inú èyí, mélòó ni?"

"Mẹ́rin, sà."

"Mẹ́rin." Ó mi orí bí ẹni tó bá ọmọ òrukàn pàdé nínú òjò. "O ń fi ọwọ́ mẹ́rin yàwòrán ilé ìwòsàn."

"Bọ̀dá, ọwọ́ tó pọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ mi ń fẹ́, ọwọ́ tó yá ni. Àti pé, sà, ìjókòó wọn ò dọ́gba. Èyí tí ẹ ń wí yẹn tóbi ju àyè tó wà nínú pátákó mi lọ. Kò lè wọlé rárá."

"Purosẹ́sọ̀ ni purosẹ́sọ̀," ni Bọ̀dá wí, ó sì fi ọwọ́ gbá tábìlì pẹ́pẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ tán. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa ń bẹ̀rù ohun tó bá ti ní wáyà."

Obìnrin tó ń ya ilé alájà mẹ́fà, tó mọ ibi tí gbogbo wáyà inú ògiri gbà, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó wò ó. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ irú ẹ ṣeun yẹn, ọkùnrin tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nìkan ni kì í mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Bọ̀dá lọ tán, ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Olówó orí mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi."

"Mo gbọ́."

"Ẹnikẹ́ni, mo ní."

"Mo ní mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kò fìgbà kan nira fún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agbaṣẹ́ṣe ránṣẹ́ pe ayàwòrán pé kó wá wo ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sórí fúláàṣì kékeré kan, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó wọ bàtà tó ga dé àárín ojúgun, ó sì lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà wọ́, ó dúró nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi tún okùn ta. Nígbà tó délé, ó bá ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣíṣí. Abẹ́ tábìlì ṣófo.

Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì ìjẹun, wọ́n ti yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ sókè bí ẹja tí wọ́n fẹ́ là. Bọ̀dá Mo-ti-wí bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ó fi jígí sí iwájú orí dípò ojú, ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà lọ́wọ́. Ìpara funfun tó yẹ kéèyàn fi tóntó kan sórí purosẹ́sọ̀ kí ooru lè ráyè jáde, ó ti fi í ra ọwọ́, ó ti fi í ra tábìlì, díẹ̀ wà létí rẹ̀. Páálí purosẹ́sọ̀ tuntun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dán. Tíṣà dúró tì í, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ó pa tọ́ọ̀ṣì náà.

"Tàn án," ni Bọ̀dá wí. "Ó kù díẹ̀ kó wọlé."

Ìyàwó sún mọ́ ọn. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi wo inú ìjókòó purosẹ́sọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ tí kò ju irun lọ ló kún ibẹ̀, ó yẹ kí wọ́n dúró ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé láàárọ̀. Apá kan wọn ti dùbúlẹ̀. Àwọn kan ti kọrí síra wọn. Àwọn mìíràn ti ṣẹ́ dànù, ìpara funfun sì ti bo ojú ibi tí wọ́n wà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Pátákó yìí ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyàwó wa. Mo ti wí fún ọkọ rẹ pé..."

"Bọ̀dá, ẹ dákẹ́."

Tíṣà gbójú sókè. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀dá rí, àfi bóyá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ẹ dákẹ́, sà, torí Ọlọ́run. Mo sọ fún yín pé kò lè wọlé. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu mi yìí, nínú yàrá mi, lẹ́bàá àga mi tí ẹ rẹ̀ wálẹ̀ tí mi ò tíì rí gbé sókè dáadáa. Ẹ ò béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ẹ ò wo pátákó yìí lójú kí ẹ fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó tóbi tó báyìí, àyè tó kéré tó báyìí, ọmọ tó ń fi búlọ́ọ̀kù ṣeré á ti mọ̀ pé kò gbà! Ẹ wá ń fi àtàǹpàkò tì í! Ṣé ẹ rò pé ẹnu ọ̀nà ni?"

"O ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èmi ni sà. Ẹ wo ẹ̀yìn yín, kò sẹ́lòmíràn. Iṣẹ́ ni mo ń fi nǹkan yìí ṣe. Àwọn èèyàn wà nínú ẹrẹ̀ níbi tí mo ti ń bọ̀, àwòrán tó yẹ kó jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀yin wá rò pé ohun ìṣeré tí wọ́n fi ń tu ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì nínú ni."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí. O di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn."

Bọ̀dá dìde. Ó fa àyà yọ, ó pe Màmá. Ó pè é bí ẹni tó ń pe ọlọ́pàá. "Màmá! Ẹ wá gbọ́ bí ìyàwó ọmọ yín ṣe ń bú mi!"

"Mo ti ń gbọ́ ọ," ni ohùn Màmá wá láti pálọ̀. Màmá rìn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di férémù ìlẹ̀kùn mú. "Mo wà níbí nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó dún. Ó dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ eyín kóòmù. Mo ní, 'Ṣé ó yẹ kó dún bẹ́ẹ̀?' O mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ fún mi? Ó ní kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n mi."

"Màmá, ohun tí mo ní lọ́kàn ni..."

"Má ní nǹkan kan lọ́kàn mọ́. Nígbà tó o wà lọ́mọdé, o tú aago bàbá yín, o ní wọ́n tà á fún un pẹ̀lú irin tó ṣẹ́kù. Mú páálí rẹ, kó o máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ ti pè lẹ́ẹ̀mejì."

Bọ̀dá kó páálí rẹ̀. Kò sọ pé òun ti wí. Ó sọ pé àwọn èèyàn kì í mọ oore, ó sì gbá ilẹ̀kùn débi pé kàlẹ́ńdà orí ògiri wọ́.

Lẹ́yìn tó lọ tán ni wọ́n rí i pé purosẹ́sọ̀ àtijọ́ náà kò sí lórí tábìlì. Wọ́n wá a lábẹ́ àga, wọ́n wá a nínú ìdọ̀tí. Ìgbà tí Tíṣà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbọ́ tó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ó ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù yẹn. Ó ti fọ̀ ọ́. Inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà ni purosẹ́sọ̀ wà, pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń ta eyín. Ìyàwó Bọ̀dá alára ló gbé e wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun wé e, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jalè.

"Àbúrò mi, má bínú. Mo bá wọn gbé e sínú oòrùn díẹ̀."

Ayàwòrán gbà á, ó wò ó. Ó mọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ má dààmú, ma. Ẹ̀yin kọ́."

Tíṣà ni ìyà náà kù sí lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀, pátákó ni òun fẹ́, irú kan náà gan-an, kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Kó tó rí i, yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ni òun yóò ti máa yàwòrán lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, Tíṣà náà ni yóò sì máa ṣílẹ̀kùn tí yóò máa tì í. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sọnù, ó wà nínú fúláàṣì. Ó ń yàwòrán níbẹ̀ lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ń kan abẹ́ tábìlì, Tíṣà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń máàkì ìwé, ó ń fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí ẹni tó máa dá a lóhùn.

Tíṣà rìn gbogbo ṣọ́ọ̀bù àlòkù tó wà nítòsí. Ó kọ́kọ́ gbé pátákó kan dé tayọ̀tayọ̀. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ yàtọ̀.

"Lẹ́tà kan ṣoṣo ni," ni Tíṣà wí.

"Àwọn ọmọ tó ò ń kọ́, tí wọ́n bá kọ orúkọ odò kan pẹ̀lú lẹ́tà kan tó yàtọ̀, kí lo máa ń fún wọn?"

"Òdo."

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà."

Ó dá a padà. Ó tún lọ. Nígbà tó yá, ó rí èyí tó bá a mu, nínú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti fẹ́ fọ́ ta fún àwọn tó ń ra irin. Ó fi aṣọ òtútù rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e wálé, ó sì dúró tì í títí ìyàwó rẹ̀ fi ka gbogbo lẹ́tà náà tán tó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni ayàwòrán tò ó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó kọ́kọ́ dá purosẹ́sọ̀ àtijọ́ padà sí ìjókòó rẹ̀. Màmá, tó gbé àga wá síbẹ̀ láti wòran, bi í léèrè pé ṣebí àlòkù tó lọ gbà ní ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ fi síbẹ̀.

"Màmá, pátákó yìí ò tíì mọ ìyẹn. Àtijọ́ ló máa kọ́kọ́ tan án, kí n lè fi ètò ìbẹ̀rẹ̀ tuntun sínú rẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, màá wá gbé e lé e."

"O jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fojú rinjú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Kọ̀ǹpútà náà tàn pẹ̀lú purosẹ́sọ̀ tí wọ́n ti fọ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ètò tuntun sí i, kò fọwọ́ kan nǹkankan títí ó fi parí, ó pa á, ó yọ ti àtijọ́, ó sì gbé àlòkù tó ti yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sójú rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi lélẹ̀, ó sì wọlé fúnra rẹ̀. Ó fi ìpara tóntó kan sórí rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó gbé fáànù lé e, ó dè é.

Ó ṣí àwòrán ilé ìwòsàn. Ó fọwọ́ kàn án kó yí. Ilé náà yí lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn tó wà lápá òsì báyìí, àwọn fèrèsé kéékèèké tó fi sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè máa ríta. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Tíṣà, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá òun lè wọlé, náà pàtẹ́wọ́.

"Wọlé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ṣé Bọ̀dá Mo-ti-wí wá gba pé òun ṣì í? Rárá o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ láti gba purosẹ́sọ̀ rẹ̀ padà, torí wọ́n rí ìpara àti àmì ìka lára rẹ̀. Ló bá ra pátákó ńlá tó lè gbà á, ó ra mẹ́mọ́rì rẹ̀, ó ra àpótí onígíláàsì tó ń tàn yòò ní pupa àti àwọ̀ ewé. Gbogbo ọwọ́ mẹ́rìndínlógún náà ló ń fi ta káàdì. Òun nìkan ló ń bá kọ̀ǹpútà ta á, kọ̀ǹpútà ló sì máa ń jẹ ẹ́. Ó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé wọ́n bẹ òun ni òun fi tún kọ̀ǹpútà ìyàwó àbúrò òun ṣe, pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló fi ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Nígbà tó yá, fóònù dún níbi tí ayàwòrán ti ń wọn ògiri ilé ìwòsàn náà, tó ti ga dé èjìká. Bọ̀dá ni.

"Ìyàwó wa, ṣé dáadáa lẹ wà? Ọ̀rẹ́ mi kan ni o. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbóná, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀. Kí lo rò pé ó lè fà á?"

Ó fi téèpù sílẹ̀. "Fáànù orí purosẹ́sọ̀, ṣé ọ̀rẹ́ yín yẹn bó ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó dè é?"

Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fa àga. Ó gbọ́ sukudiráfà tó bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí ọ̀rá kan ń ya, fààà, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì.

"Màá sọ fún un," ni Bọ̀dá wí.

"Ẹ bá mi kí wọn, sà," ni ìyàwó wí. Ó gé fóònù, ó mú téèpù, àwọn bíríkìlà sì wò ó níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.